Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, Oníṣègùn Àwọn Ọmọdé

Ní oṣù yìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa tó bí ó ti yẹ. Bí a bá dárúkọ Ransome-Kútì, ọkàn ẹlòmíràn a lọ sọ́dọ̀ Fẹlá olórin, ti ẹlòmíràn a sì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ẹni tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí. Ẹni tí àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Olíkóyè, àkọ́bí ọkùnrin nínú ilé náà, oníṣègùn àwọn ọmọdé, ẹni tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà àti ní Sùúrùlérè, ní àárín wa níhìn-ín.

Ìdí kan pàtàkì ni ó mú wa yan ìtàn yìí. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé, nínú ọmọ 100 tí kò tí ì pé ọdún 5, 37 ni kò ga tó bí ọjọ́ orí wọn ti yẹ kí wọn ga. Nígbà tí a tún un ṣe ní 2023 sí 2024, iye náà ti di 40. Àwọn olówó aláàánú ní ilẹ̀ òkèèrè ti ná owó púpọ̀ láti mọ ohun tí ń fa irú àìdàgbà bẹ́ẹ̀ àti ohun tí a lè ṣe sí i. Ó tọ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí owó àti ìwádìí lè ṣe fún ọmọ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí wọn kò lè ṣe. Ìgbésí ayé Olíkóyè dáhùn ìbéèrè náà ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ.

Ilé Tí Ó Ti Wá

A bí Olíkóyè ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927, ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí baba rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Grammar School ìlú náà. Ní ọdún 1932 baba rẹ̀ kó lọ sí Abẹ́òkúta láti ṣe ọ̀gá Grammar School ti ibẹ̀, níbẹ̀ ni ọmọ náà sì ti dàgbà. Àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé wa yìí yóò rántí pé Àlùfáà náà kan náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Baba-baba rẹ̀ ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, ẹni tí ó fi orin Yorùbá wàásù Ìhìnrere, tí ó sì kọ orin ìsìn sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Ìyá rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ kí ó tó di aṣáájú àwọn obìnrin.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò dàgbà láìmọ ohun méjì: pé kí a máa kọ́ni jẹ́ iṣẹ́ ọlá, àti pé kò yẹ kí a dákẹ́ nígbà tí a bá ń rẹ́ ẹni tí kò lágbára jẹ. Olíkóyè kò di àlùfáà bí baba rẹ̀, kò sì di olórin bí àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun méjèèjì yìí bá a lọ sí ibi gbogbo tí ó lọ.

Ó kàwé ní Abẹ́òkúta Grammar School, lábẹ́ ojú baba rẹ̀. Ní ọdún 1948 ó lọ sí Trinity College ní ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1954. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó, ó sì tún ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí ó lókìkí ní òpópónà Great Ormond ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1967 ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Láti 1968 dé 1976, òun ni olórí ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì fẹ̀yìn tì kúrò nínú iṣẹ́ Yunifásítì títí di ọdún 1988.

Ohun Tí Ó Wà Níwájú Rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Muṣin àti Sùúrùlérè mọ bí Ìdí-Àràbà ti wà láàárín àwọn ilé tí èrò kún fọ́fọ́. Láti inú ilé wọ̀nyí ni àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ wọn wá sí ilé ìwòsàn ńlá náà. Ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe àwọn kan, èéyi ti kọlu àwọn kan, ikọ́ àwúbì kò jẹ́ kí àwọn mìíràn mí. Àwọn oníṣègùn a tọ́jú wọn, a sì dá àwọn tí ó yè padà sílé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a óò tún gbé ọmọ kan náà padà dé, àìsàn bí ti àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò ti rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí Olíkóyè rí nínú èyí ni ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ó rí i pé ilé ìwòsàn ńlá, bí ó ti wù kí ó dára tó, dà bí ẹni tí ń gbọ́n omi inú ilé nígbà tí òrùlé ṣì ń jò. Àìsàn tí ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe àdììtú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a lè fi omi mímọ́, oúnjẹ, ọmú ìyá àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dènà kí ọmọ tó dé ilé ìwòsàn rárá.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín láti ṣàlàyé bí àìdàgbà ti ń wọlé sára ọmọ, nítorí kò fara hàn bí àìsàn. Bí ìyá kò bá jẹun tó nígbà tí ó lóyún, tàbí bí ọmọ kò bá rí oúnjẹ tí ó ní agbára nínú lẹ́yìn oṣù 6 àkọ́kọ́, tàbí bí ìgbẹ́ gbuuru àti ibà bá ń kọlù ú léraléra, ara rẹ̀ a máa yan ohun tí yóò fi agbára díẹ̀ tí ó ní ṣe. A máa lò ó láti fi wà láàyè, a sì máa dá ìdàgbà dúró. Ọjọ́ tí èyí ń ṣẹlẹ̀ jù ni láti ìgbà oyún títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní 1,000 ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní àkókò kan náà ni ọpọlọ ń dàgbà, nítorí náà a máa ń rí i pé ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè lóye ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n bá dé ilé ìwé. Ọmọ náà lè máa ṣeré, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí a ní kúkúrú baba rẹ̀ ni ó jogún, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Àwa tí a mọ Ìwé Mímọ́ rántí Hánà, ìyá Sámúẹ́lì, ẹni tí ń rán ẹ̀wù kékeré kan lọ́dọọdún, tí ó sì ń gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ nínú tẹ́ḿpìlì. Ìyá tí ń rán ẹ̀wù fún ọmọ lọ́dọọdún kò lè ṣàìmọ bí ọmọ ti ń ga sí i. Bí ẹ̀wù ọdún tí ó kọjá bá ṣì bá ọmọ mu rẹ́gí ní ọdún yìí, ìyá bẹ́ẹ̀ yóò béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Irú ìṣọ́ra yìí gan-an ni Olíkóyè fẹ́ kí gbogbo ìyá ní Èkó lè ṣe, kì í ṣe lọ́dọọdún, bí kò ṣe lóṣooṣù.

Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Òpópónà Gbájà

Kò fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀. Ní ọdún 1971, òun àti Norman Kretchmer, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí wàrà ti ń dà nínú ara àwọn ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé agbára tí ìkókó ní láti lo ṣúgà inú wàrà a máa dín kù gidigidi lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́yìn ìgbà ọmú, nígbà tí agbára náà ń wà lára ọ̀pọ̀ àwọn Fúlàní darandaran. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ọmú ìyá ni oúnjẹ ìkókó níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí ó gbé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ró ni ó yẹ kí a kó wá gẹ́gẹ́ bí àánú fún àwọn ọmọ wa tí ó ti já lẹ́nu ọmú. Ẹni tí yóò ṣoore fún ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọmọ náà.

Ní Sùúrùlérè, ní òpópónà Gbájà, ni a ti rí èso èrò rẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ènìyàn lè lóye. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìlera ọmọdé ti Yunifásítì Èkó ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti ṣe ohun tí a rò tẹ́lẹ̀ pé dókítà nìkan ni ó lè ṣe. Nọ́ọ̀sì kan náà yóò wo ọmọ, yóò tọ́jú àìsàn tí ó wọ́pọ̀, yóò sì bá ìyá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àti ìfètò sọ́mọ bíbí, kí ìyá má bàá máa rìn láti ìlà kan sí òmíràn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Àìsàn tí ó bá ju agbára nọ́ọ̀sì lọ nìkan ni yóò lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ohun èlò tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kò pọ̀: òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ, àti káàdì tí a ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí lóṣooṣù. Káàdì yìí ní ìtàn ní ilẹ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1956, David Morley, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti tẹ̀ lé ìdàgbà àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí wọn, láti inú iṣẹ́ náà sì ni káàdì tí ó sọ ní ọ̀nà sí ìlera ti jáde, tí ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí ìlà tí a fà sórí káàdì bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró sójú kan, ewu ti dé, bí ọmọ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè rí i.

Owó Ìwádìí ní Yábà àti ní Ayé

Kì í ṣe ìgbà tiwa yìí ni owó àwọn aláàánú ilẹ̀ òkèèrè kọ́kọ́ dé ìhà ọ̀dọ̀ wa fún ìwádìí. Ní 1925, ilé ìtọrẹ tí Rockefeller ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ rán àwọn onímọ̀ wá láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, wọ́n sì kọ́ ibi ìwádìí wọn sí Yábà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́, Adrian Stokes, kó àìsàn náà, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, 1927, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìbí Olíkóyè. Ikú rẹ̀ kò já sí asán. Láti inú kòkòrò tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast ní ọdún náà ni a ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà náà ní 1937, èyí tí a ṣì ń gún títí di òní.

Nítorí náà a kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín owó ìwádìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ń fi ṣe ní ayé. Ní 1990, ìgbìmọ̀ kan tí ó gbé ọ̀rọ̀ ìwádìí ìlera yẹ̀ wò, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas, ọmọ Èkó, wà lára wọn, fi hàn pé ní ọdún 1986 bílíọ̀nù 30 dọ́là ni gbogbo ayé ná lórí ìwádìí ìlera. Nínú rẹ̀, bílíọ̀nù 1.6 péré ni ó bá ìṣòro àwọn orílẹ̀-èdè tálákà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ikú tí a lè dènà wà. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lè ba àwọn oníṣòwò àti àwọn atukọ̀ lẹ́rù, nítorí ó ń kọjá òkun. Àìdàgbà ọmọ ní Muṣin kì í kọjá òkun. Nítorí náà ni ó fi pẹ́ kí àwọn ọlọ́rọ̀ tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní Ipò Mínísítà

Ní ọdún 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida fi Olíkóyè ṣe Mínísítà ètò ìlera. Kì í ṣe ohun kékeré fún un láti gbà. Ní 1977 àwọn ọmọ ogun ti ya wọ ilé Fẹlá nítòsí Ìdí-Orò, ibi tí kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà, wọ́n sun ún, wọ́n sì ju ìyá wọn láti ojú fèrèsé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìyá náà kú. Lábẹ́ ìjọba tí òun fúnra rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ni a sì ti sọ àbúrò rẹ̀ Béko, oníṣègùn bí tirẹ̀, sí àtìmọ́lé ní 1992. Àwọn kan bínú sí i nítorí pé ó jókòó pẹ̀lú àwọn ológun. Àwọn dókítà kan sì kùn pé ó fi ilé ìwòsàn ńlá sílẹ̀ fún ebi. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́ yẹ kí ó wo ohun tí ó fi ipò náà ṣe pẹ̀lú.

Ohun tí ó ti dán wò ní Gbájà ni ó gbé ka gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ 52, kí ó tó tàn dé àwọn yòókù. Ní 1988 Nàìjíríà ní ìlànà ìlera tirẹ̀ tí a kọ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé àwọn ìletò tí kò rí dókítà rí. Lórí rédíò ni a ti ń kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ti fi iyọ̀, ṣúgà àti omi mímọ́ ní ìwọ̀n tí ó tọ́ gba ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe là. Ní 1990 a ṣe òfin tí ó fi ìjánu sí àwọn tí ń ta wàrà inú agolo fún ìkókó, kí wọn má bàá fi ìpolówó já ọmọ gbà lẹ́nu ọmú. Ní 1992 a dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ṣe àbójútó ètò ìlera alábọ́dé. Ó fi ipò sílẹ̀ nígbà tí ìjọba náà ń lọ sópin.

Lẹ́yìn èyí ó bá Báńkì Àgbáyé ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá kú, òun ni ó jáde sí gbangba láti sọ pé àìsàn AIDS ni ó pa àbúrò òun. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi irú rẹ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú, ó gbé ọ̀fọ̀ ilé tirẹ̀ kalẹ̀ láti fi kọ́ gbogbo ìlú.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbìn kò rí olùtọ́jú. Nínú ìwádìí ọdún 1990, nínú ọmọ 100 tí ó ti pé ọdún kan, 30 ni ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn. Ní 2003 iye náà ti já wá sí 13. Ní ọdún 2003 kan náà, ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, Olíkóyè kú ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 75. Kò sí ẹni tí ó gbàgbé bí a ti ń gún abẹ́rẹ́, ìmọ̀ kò sì sọnù. Àwọn tí yóò máa gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé lójoojúmọ́ ni a kò rí mọ́.

Ohun Tí A Wá Mọ̀ Lẹ́yìn Rẹ̀

Ní ọdún tí ó kú náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé parí ìwádìí ńlá kan tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ìjọba orílẹ̀-èdè mélòó kan fi owó sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìtọrẹ tí Bill Gates àti Melinda, aya rẹ̀ nígbà náà, dá sílẹ̀. A wọn ìdàgbà ọmọ 8,440 ní ìlú mẹ́fà: Accra ní Gánà, Delhi ní Íńdíà, Davis ní Amẹ́ríkà, Muscat ní Oman, Oslo ní Norway, àti Pelotas ní Brazil. Àwọn ọmọ tí òṣì kò di ìdàgbà wọn lọ́wọ́ ni a yàn, tí ìyá wọn ń fún ní ọmú, tí kò sì mu sìgá. Ní 2006 a tẹ èsì rẹ̀ jáde. Ọmọ dúdú ti Accra àti ọmọ funfun ti Oslo, nígbà tí a bọ́ wọn bó ti yẹ tí a sì tọ́jú wọn, ga ní ọ̀nà kan náà títí dé ọdún 5.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a ronú lórí èyí. Ẹnì kan lè kúrú bí baba rẹ̀ nítòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ 40 nínú 100 bá kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ ní orílẹ̀-èdè kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran mọ́. Ohun kan ni ó dé bá wọn, a sì lè mú un kúrò.

Ilé ìtọrẹ ti Gates tún wà lára àwọn tí ó fi owó sí ìdánwò ńlá mìíràn ní Kenya, Bangladesh àti Zimbabwe, láti mọ bóyá ilé ìgbẹ́ àti ibi ìfọwọ́ tí a kọ́ fún àwọn ará ìletò yóò mú kí ọmọ ga sí i. Èsì tí ó jáde ní 2018 àti 2019 ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: àwọn nǹkan wọ̀nyí nìkan kò mú ọmọ ga. Ìmọ́tótó kò di asán nítorí èyí, ṣùgbọ́n èyí tí a ṣe kò tó. Oúnjẹ ni ó ṣèrànwọ́. Ní Zimbabwe, níbi tí a ti kọ́ àwọn ìyá bí a ti ń bọ́ ọmọ, tí a sì fún ọmọ ní àfikún oúnjẹ lójoojúmọ́, àwọn tí kò ga tó ọjọ́ orí wọn dín kù láti 35 nínú 100 sí 27. Èyí dára, ṣùgbọ́n 27 ṣì kù.

Ibí yìí ni a ti lè rí ààlà owó ìwádìí. Ó sọ òtítọ́ fún wa, títí kan òtítọ́ tí kò dùn mọ́ ẹni tí ó san owó náà nínú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n olówó tí ó wà ní òkèèrè kò lè wá gbé ọmọ kan ní Muṣin sórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí ìwádìí bá sì parí, àwọn onímọ̀ a di ẹrù wọn, wọn a lọ. Olíkóyè fi ìgbésí ayé rẹ̀ hàn wá pé ẹni tí ó jókòó ti ìmọ̀, tí ó sì pín in fún nọ́ọ̀sì àti fún ìyá, ni ó ń sọ ọ́ di ẹ̀mí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó lọ sì fi hàn wá pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé e, yóò já bọ́ nígbà tí apá ẹni náà bá rọ.

Ohun Tí Ó Kù fún Wa

Kí ni ìjọ lè ṣe? Ní ọjọ́ ìkórè, a máa ń kó iṣu, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja gbígbẹ wá síwájú Ọlọ́run. Ó tọ́ kí apá kan nínú rẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn aláboyún àti àwọn abiyamọ tí nǹkan kò rọ̀ ṣọ̀mù fún ní àdúgbò, láìbéèrè ìjọ tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí òbí bá gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi, kí a béèrè káàdì ìdàgbà rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń béèrè orúkọ rẹ̀. Kí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ra òṣùwọ̀n kan, kí wọ́n sì pe nọ́ọ̀sì láti ilé ìlera tí ó súnmọ́ wọn, kí a máa wọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Kí àwọn ìyá àgbà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé ọmú nìkan ni fún oṣù 6. Lẹ́yìn náà kí a má ṣe fi ògì lásán bọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kí a fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin kún oúnjẹ rẹ̀, kí ọmú má sì dáwọ́ dúró títí dé ọdún 2.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí kò tètè lóye ní kíláàsì yín kì í ṣe ọ̀lẹ ní gbogbo ìgbà. Ebi tí ó pa á kí ó tó mọ̀rọ̀ sọ lè ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún un, kí ẹ sì béèrè nípa àbúrò rẹ̀ tí ó wà nílé, nítorí ìrànlọ́wọ́ lè ṣì bá ti àbúrò.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí kò ná wa ní iye tí a ná sórí ìlẹ̀kùn ọ̀ṣọ́ kan fún ilé ìsìn. Ọmọ àlùfáà ni Olíkóyè, àlùfáà sì ni baba-baba rẹ̀. Nínú ilé ìjọ wa ni ó ti jáde, kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Gbájà. Kí Ọlọ́run fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti gbé iṣẹ́ náà níbi tí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Àmín.